Ìkòkò ọbẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ológeere: adùn méjì tí Yorùbá ń gbàgbé, tí àìsàn sì ń gba ipò wọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Láyé àtijọ́, ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọ̀bìà tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣíwọ́ nínú àwo. Lóde òní, òwe náà ti kúrò ní ti wọ̀bìà nìkan. Ẹni tí kì í jẹun jù pàápàá wà nínú ewu, nítorí pé kò mọ ẹni tí ó se ohun tí ó ń jẹ, kò mọ iye iyọ̀ tí wọ́n dà sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti fi òróró kan náà dín ẹran. Bí ó bá sì jẹun tán, orí ìjókòó ọkọ̀ ni ó ń gbà lọ sí orí àga níbi iṣẹ́. Láti orí àga, ó tún di inú ọkọ̀, láti inú ọkọ̀, ó di orí ibùsùn. Ọjọ́ a parí, ẹsẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kankan ju kí ó tẹ ilẹ̀ díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí ọkọ̀ dúró sí.

Àbájáde irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ kò fara sin mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà kárí ayé ti ju bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù lọ, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ pé àìsàn náà wà lára wọn rárá. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń pè é ní apani-má-sọ̀rọ̀. Kò sí ilé ńlá Yorùbá kan lónìí, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Sábó ìlú Kano, tí wọn kò ti lè dárúkọ ẹnì kan tí ó sùn tí kò jí, tàbí ẹni tí apá kan ara rẹ̀ rọ lójijì.

Ohun tí ó ya ni lẹ́nu ni pé ohun méjì tí ó lè dín ewu yìí kù kì í ṣe ohun àjèjì, wọn kì í sì í ṣe ohun tí ó korò lẹ́nu bí oògùn. Adùn ni àwọn méjèèjì. Èkíní ni oúnjẹ tí a fi ọwọ́ ara ẹni sè nínú ilé, tí a sì fara balẹ̀ jẹ. Èkejì ni kẹ̀kẹ́ ológeere, tí ènìyàn gùn jẹ́jẹ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni du ipò kìíní. Kò sí ẹni tí ó ní kí a fi wọ́n rọ́pò dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá di àwọn méjèèjì mú yóò pẹ́ kí ó tó mọ ọ̀nà ilé dókítà.

NÍGBÀ TÍ KẸ̀KẸ́ JẸ́ OHUN IYÌ

Ní oṣù kẹfà ọdún 1817 ni Karl Drais, ará Jámánì, gun ohun ìrìnnà ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan jáde ní ìlú Mannheim. Igi ni wọ́n fi ṣe é, kò sì ní ibi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ wà á. Ẹni tí ó gùn ún ní láti máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ bí ẹni ń sáré lórí ìjókòó. Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley, ará England, gbé kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ó sì ní ṣéènì, jáde. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1888, John Dunlop ṣe táyà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ti rọ ìdí lọ́rùn. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn ènìyàn ń gùn lónìí, ọmọ bíbí inú kẹ̀kẹ́ Starley àti táyà Dunlop ni.

Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó, kò sí ẹni tí ó pè é ní ohun ìṣeré. Tíṣà, akọ̀wé kóòtù, ajíhìnrere àti àwọn tí ń ra kòkó fún àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ fi gba iyì. Bí kẹ̀kẹ́ tuntun bá wọ abúlé, tọmọdé tàgbà ni yóò jáde wá wò ó. Olówó rẹ̀ a máa fi aṣọ nù ún láràárọ̀, a máa so agogo àti iná mọ́ ọn, a sì máa fi aṣọ bo ìjókòó rẹ̀ kí eruku má ba à bà á. Ẹni tí kò lágbára láti ra tirẹ̀ a máa háyà fún wákàtí kan tàbí fún ọjọ́ kan. Àgbẹ̀ a fi ru iṣu bọ̀ láti oko, ẹlẹ́mu a so akèrègbè mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bàbá a gbé ọmọ kan síwájú, a gbé ìyá ọmọ sẹ́yìn, wọn a sì forí lé ibi ìnáwó ní ìlú kejì.

Iyì kẹ̀kẹ́ wọ inú òfin pẹ̀lú. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ a máa gba owó láìsẹ́ǹsì lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Títí di òní olónìí, ó ṣì wà nínú Àfikún Kẹrin òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti fún àwọn oníkẹ̀kẹ́, ọlọ́kọ̀ ojú omi, onípáńkẹ́rẹ́ ẹrù àti ọlọ́mọlanke ní ìwé àṣẹ. Òfin kò gbàgbé kẹ̀kẹ́. Àwọn ènìyàn ni wọ́n gbàgbé rẹ̀.

BÍ ALÙPÙPÙ ṢE LÉ KẸ̀KẸ́ WỌ YÀRÁ ÀKÓPAMỌ́

Owó epo rọ̀bì ni ó kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nígbà tí ìjọba ológun fi owó Udoji kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní òpin ọdún 1974, tí wọ́n sì san àjẹẹ́lẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 1975, alùpùpù àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáré lọ rà. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ti di àmì òṣì lójú àwọn ará ìlú ńlá. Òbí tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kalẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ má ba à rí i. Nígbà tí ọ̀dá owó dé ní àárín ọdún 1980 sí 1990, ọ̀kadà gba ojú títì, ẹni tí ó sì lè fi ẹsẹ̀ rìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí ọlọ́kadà.

Ní àríwá Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Yorùbá tí ó ń gbé ní Kano, Katsina tàbí Maiduguri mọ̀ pé ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ń ran kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, àti pé àgbàlagbà tí ó wọ babaríga lè gun kẹ̀kẹ́ kọjá láìsí ẹni tí yóò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn òkè Èkìtì àti Ìdànrè kò rí bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkè kọ́ ni ó lé kẹ̀kẹ́ lọ. Ìtìjú ni.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌKÒKÒ

Bí ìtìjú ṣe ṣe kẹ̀kẹ́ ni ìkánjú ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ti gbàgbé pé oúnjẹ Yorùbá kì í ṣe ohun tí a ń kánjú sè. Ẹ wo àbùlà, tí gbogbo ènìyàn ń fi ẹnu pọ́n. Kí àmàlà tó dé inú àwo, wọ́n ti bẹ iṣu, wọ́n ti bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n ti fi sínú omi náà di ọjọ́ kejì, wọ́n ti sá a sí oòrùn títí ó fi gan, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Gbẹ̀gìrì ní tirẹ̀, wọ́n ní láti rẹ ẹ̀wà, kí wọ́n bó èèpo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sè é títí yóò fi rọ̀ pátápátá, kí wọ́n tó fi ìjábẹ̀ fọ́ ọ tàbí kí wọ́n sẹ́ ẹ. Ewédú náà ní láti rí ẹni tí yóò jókòó já ewé rẹ̀ kúrò lára igi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irú ni ó tún wá yani lẹ́nu jù. Hóró igi igbá ni. Wọ́n ní láti sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí èèpo rẹ̀ líle tó lè ṣí, wọn a gún un tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a tún un sè, lẹ́yìn náà ni wọn yóò bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó tó di ohun tí ń ta sánsán. Hausa ń pe irú kan náà ní dàwàdáwà, wọ́n sì fi ń se ọbẹ̀ tiwọn. Yorùbá tí ó bá dé ìlú Zaria, tí irú rẹ̀ sì tán, kò ní láti ránṣẹ́ sílé. Kí ó kàn wọ ọjà, kí ó sì bèèrè.

Kódà, ìkòkò Yorùbá kan ṣoṣo lè gba gbogbo Nàìjíríà mọ́ra. Iṣu lè ti Zaki Biam wá ní ìpínlẹ̀ Benue. Ẹ̀wà lè ti Borno wá, tòmátì àti tàtàṣé lè ti Kano wá, àlùbọ́sà lè ti Kebbi tàbí Sokoto wá, nígbà tí epo pupa àti ewédú ń ti ìtòsí wá. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, nígbà tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti àríwá dá ẹrù dúró fún ọjọ́ mélòó kan, owó ata àti àlùbọ́sà fò sókè ní gúúsù, ẹran náà sì di ohun tí wọ́n ń wá kiri. Lọ́jọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé inú ìkòkò ni ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè yìí wà, kì í ṣe ẹnu àwọn olóṣèlú.

Ìkòkò náà sì tún rìn jìnnà ju Nàìjíríà lọ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá gbé àkàrà dé Bahia ní Brazil. Títí di òní, àwọn obìnrin tí ó wọ aṣọ funfun ń fi epo pupa dín in ní ìgboro Salvador, acarajé ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí ó ti inú “àkàrà” àti “jẹ” jáde. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà náà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Ohun tí ẹrú fi orí omi òkun gbé lọ, tí kò jẹ́ kí ó sọnù, kò yẹ kí ó sọnù lọ́wọ́ ọmọ tí kò kúrò nílé.

IYỌ̀, MAGÍ ÀTI OÚNJẸ ÌTA

Kì í ṣe gbogbo olóúnjẹ ni ó burú. Ọ̀pọ̀ ìyá olóúnjẹ ni ó ń se oúnjẹ tí ó mọ́, tí ó sì dùn, tí òṣìṣẹ́ tí kò ní ìyàwó nílé ń jẹ, tí ó sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tajà mọ̀ pé adùn ni ó ń mú oníbàárà padà wá, iyọ̀ àti magí sì ni ọ̀nà tí ó yá jù láti mú ọbẹ̀ dùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ ju gíráàmù márùn-ún iyọ̀ lọ lójúmọ́, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ. Síbẹ̀, àjọ náà sọ pé ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ kárí ayé ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Iyọ̀ tí ó wà nínú magí, nínú búrẹ́dì, nínú ìńdómìí àti nínú ẹja inú agolo, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà pọ̀ mọ́ èyí tí a fi ọwọ́ bù sínú ìkòkò.

Ibi tí oúnjẹ ilé ti borí nìyí. Ẹni tí ó ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá iyọ̀. Bí irú bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, tí àlùbọ́sà yó dáadáa, tí ẹja gbígbẹ tàbí edé sì wà níbẹ̀, iyọ̀ díẹ̀ ti tó, magí kò sì ní iṣẹ́ ńlá kan láti ṣe. Ìyá àgbà kò mọ magí nígbà tí ó ń se ọbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń gbóòórùn. Ẹni tí ó ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀ tún ni ọ̀gá òkèlè. Ó lè dín iyán kù, kí ó fi ẹ̀fọ́ kún un. Ó lè jẹ mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ dípò búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó lè jẹun alẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú jù, kí oúnjẹ tó wúwo má ba à bá a sùn.

OWÓ EPO, OWÓ ỌJÀ

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlera kò bá dẹ́rù bà, ọ̀rọ̀ owó yóò dẹ́rù bà á. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, epo tí wọ́n ń tà ní ohun tí kò tó igba náírà fún lítà kan kúrò níbẹ̀, ó kọjá irinwó àti ọgọ́rin. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Owó ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Owó oúnjẹ kò gbẹ́yìn: ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá ogójì ó lé nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ.

Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ àti ìkòkò ti ní ohun ìjà méjì. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Ohun tí ó ń fẹ́ kò ju afẹ́fẹ́ nínú táyà, òróró díẹ̀ lára ṣéènì, àti bíréèkì tí ó múná lọ. Ìkòkò ní tirẹ̀, bí ilé oníṣẹ́ mẹ́rin bá pawọ́ pọ̀ se ọbẹ̀ kan ní ìparí ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì pín in sínú ike, owó tí olúkúlùkù wọn ì bá ná sórí oúnjẹ ìta yóò dín kù. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí a rà ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan ń pa owó ju ti inú ìkòkò lọ.

ÀÁRỌ̀ SÁTIDÉ KAN

Bí àwọn méjèèjì ṣe lè so pọ̀ kò le rárá. Àárọ̀ Sátidé ni ó dára jù, nígbà tí ojú ti mọ́, tí ọkọ̀ kò sì tíì pọ̀ lójú títì. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ jáde jẹ́jẹ́ kò ní láti làágùn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí ó bá ṣì lè bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ, ìrìn rẹ̀ dára. Agbára tí ẹsẹ̀ ń ná láti rin kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan, bí ẹni náà bá wà lórí kẹ̀kẹ́, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dé kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Nítorí náà, ọjà tí ó jìnnà jù fún ẹsẹ̀, kò jìnnà fún kẹ̀kẹ́.

Yóò dé ọjà nígbà tí ewé ṣì tutù, tí àwọn alẹ́fọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ẹrù. Yóò yan ata rodo fúnra rẹ̀, yóò fi ọwọ́ tẹ tòmátì wò, yóò bèèrè lọ́wọ́ ìyá onírú bóyá wooro ni ó kù tàbí pẹ̀tẹ̀. Yóò so àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, yóò sì gba ọ̀nà ilé. Bí oúnjẹ bá jinná, ebi gidi ni yóò fi jẹ ẹ́, ebi tí iṣan ara dá sílẹ̀, tí ó máa ń mú ẹ̀fọ́ rírò lásán dùn ju ẹran dídín lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán àádọ́jọ (150) ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ lo ara rẹ̀ níwọ̀nba. Bí ẹni kan bá gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan ní Sátidé, tí ó sì rí ọjọ́ mẹ́ta mìíràn tí ó lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gùn ún, ó ti san gbèsè ọ̀sẹ̀ náà tán.

Nínú ilé, kò yẹ kí iṣẹ́ ìkòkò já lé obìnrin nìkan lórí. Ìyàwó tí òun náà ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kò lè dá ja ewédú, kí ó dá rokà, kí ó tún dá fọ àwo. Ọkọ tí ó lè wa kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà lè bó ẹ̀wà pẹ̀lú. Ọmọkùnrin tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ kò ní fi owó oṣù rẹ̀ tọrọ ìlera lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Kẹ̀kẹ́ tí irin àárín rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ wà fún ẹni tí ó wọ ìró tàbí gáùn, ó sì dára fún àgbàlagbà tí kò lè gbé ẹsẹ̀ ga mọ́.

EWU Ń BẸ LÓJÚ TÍTÌ

Ẹni tí ó bá ní kò séwu níbẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Títì ńlá ní Nàìjíríà kò ṣàánú oníkẹ̀kẹ́. Dánfó, tírélà àti kòtò wà níbẹ̀. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ ìgbádùn kì í ṣe ti ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àdúgbò inú, ọ̀nà oko tí ó tẹ́jú, ọgbà ilé-ìwé gíga àti ibùdó ìjọba tí ọkọ̀ kò pọ̀ ni ó yẹ ẹ́. Apá ọ̀tún ni kí oníkẹ̀kẹ́ máa gbà, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ti ń ṣe ní Nàìjíríà láti oṣù kẹrin ọdún 1972, kì í ṣe kí ó máa dojú kọ ọkọ̀ bí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn. Kí ó dé akoto, kí ó wọ aṣọ tí ó tàn, kí ó dán bíréèkì wò kí ó tó jáde, kí ó sì yàgò fún òkùnkùn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó, tàbí tí ó ti pẹ́ tí ó ti lo ara rẹ̀ kẹ́yìn, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àwọn tí ó ń sọ pé ìlú ńlá kò ṣe é gun kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀ kò parọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí ọjọ́ ìdìbò. Lọ́jọ́ náà, bí ìjọba bá ti fòfin de ìrìn ọkọ̀, àwọn ọmọdé a gba títì, wọn a máa gbá bọ́ọ̀lù, wọn a máa gun kẹ̀kẹ́. Títì kan náà ni, ọ̀dà kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí wọ́n gbà láàyè lórí rẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ÌLÚ MÌÍRÀN ṢE

Netherlands tí gbogbo ayé ń wò lójú lónìí nítorí kẹ̀kẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1971 nìkan, ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn lọ tí ó kú lójú títì wọn, àwọn ọmọdé tí ó ju irinwó lọ sì wà nínú wọn. Àwọn òbí bínú, wọ́n jáde, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ wọn ní Stop de Kindermoord, ìyẹn ni pé kí wọ́n dẹ́kun pípa ọmọdé. Nígbà tí epo sì wọ́n lọ́dún 1973, ìjọba wọn ní kí ọkọ̀ má ṣe rìn lọ́jọ́ Àìkú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lónìí, kẹ̀kẹ́ wọn pọ̀ ju iye ènìyàn wọn lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Ní Burkina Faso, wọ́n ti ń ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour du Faso láti ọdún 1987, ìlú Ouagadougou sì kún fún àwọn tí ń gun ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ní Eritrea, àgbà àti ọmọdé ni ó ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìgboro Asmara, inú wọn ni Biniam Girmay ti jáde, ẹni tí ó gba ipele mẹ́ta nínú Tour de France ọdún 2024. Ní Kigali, olú ìlú Rwanda, wọ́n ti ń ti àwọn títì kan pa fún ọkọ̀ láti ọdún 2016 ní àwọn ọjọ́ Àìkú tí wọ́n yàn, kí àwọn ará ìlú lè rìn, kí wọ́n sáré, kí wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pẹ̀lú ti ya ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà sọ́tọ̀ láti ọdún 2018 gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Kẹ̀kẹ́ Lágbàáyé.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní láti dúró de Àbújá kí wọ́n tó ṣe irú rẹ̀. Òfin ti fi kẹ̀kẹ́ sí ìkáwọ́ wọn. Títì kan ṣoṣo ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá tì í pa fún ọkọ̀ láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, kò ní ná wọn ní ju igi ìdábùú méjì àti ọlọ́pàá mélòó kan lọ. Bí ọjà àwọn alẹ́fọ̀ọ́ bá sì wà ní ìparí títì náà, àwọn méjèèjì ti pàdé nìyẹn.

Títí wọn yóò fi ṣe é, kẹ̀kẹ́ tí ó ń dípẹtà lẹ́yìn ilé ṣì wà níbẹ̀, ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ní ìdáná ṣì wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà kò wọ́n, èlùbọ́ ṣì wà lọ́jà. Ìlera ni oògùn ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, kí ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ọkọ̀ mẹ́ta nílé, tí dókítà ti ní kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ kan ẹnu mọ́, tí kò sì lè fẹsẹ̀ rìn dé ìdí èyí tí ó súnmọ́ ọn jù nínú wọn.